"Bóyá": Àìsàn Tí Kò Tíì Ní Orúkọ

Ètò ìjíròrò ti alẹ́ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ó máa ń ti ẹnu dókítà jáde, tí ó sì máa ń wúwo lọ́kàn aláìsàn bí ọlọ. Ọ̀rọ̀ náà ni "bóyá".

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo olùkọ́bìnrin kan tí ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 29 ni. Ara rẹ̀ le, kò sì ní àìsàn kankan tí ó mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí ó ti ń kọ ìbéèrè sí ojú pátákó, ó ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ ọ̀tún ń ṣe bàìbàì, bí ìgbà tí èéfín bá bo gíláàsì fèrèsé. Bí ó bá yí ẹyinjú náà, ó ń dùn ún. Aṣọ pupa tí olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ dà bí aṣọ tí ó ti ṣá lójú rẹ̀. Ó rò pé eruku ṣọ́ọ̀kì ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ojú náà là padà, ó dúpẹ́, ó sì gbàgbé rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kú láti orúnkún dé ọmọ ìka, bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó lé e lórí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà náà fi òòlù kékeré kan orúnkún rẹ̀, ó tan iná sí ojú rẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè púpọ̀, ó wá sọ pé: "Bóyá multiple sclerosis ni. A kò tíì lè sọ pé òun ni. A ó ṣe àyẹ̀wò sí i."

Ẹni tí a bá sọ fún pé kò sí nǹkan tí ó ṣe é yóò gba ilé lọ tayọ̀tayọ̀. Ẹni tí a bá sọ fún pé àìsàn báyìí ni ó ń ṣe é yóò sunkún, yóò nu ojú rẹ̀ nù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹni tí a sọ "bóyá" fún ńkọ́? Kò rí ibi tí yóò ti sunkún, kò sì rí ibi tí yóò ti yọ̀. Ó lè wà nínú "bóyá" náà fún oṣù mẹ́fà, ó sì lè wà nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Láàárín àkókò yìí, iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní láti ṣe ìdánwò, àwọn ẹbí àfẹ́sọ́nà sì ń béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí ènìyàn ṣe lè gbé pẹ̀lú "bóyá" láìjẹ́ kí ó ba ayé òun jẹ́ ni ohun tí ètò yìí fẹ́ yẹ̀ wò.

Ó tọ́ kí á kọ́kọ́ tú orúkọ àìsàn náà. Láti inú èdè Gíríìkì ni sclerosis ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni líle, bí ojú egbò tí ó jinná tí ó di àpá líle. Multiple túmọ̀ sí púpọ̀. Àrùn àpá púpọ̀ ni, MS sì ni ìgékúrú orúkọ rẹ̀. Inú ọpọlọ, inú iṣan ojú, àti inú okùn iṣan tí ó gba àárín ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá ni àwọn àpá náà máa ń wà. Jean-Martin Charcot, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé kan ní ilé-ìwòsàn Salpêtrière ní ìlú Párísì, ni ó fi ìdí àrùn náà múlẹ̀ ní ọdún 1868. Òun ni ó so ohun tí ó rí lára àwọn aláìsàn nígbà tí wọ́n wà láàyè pọ̀ mọ́ àwọn àpá tí ó rí nínú ọpọlọ wọn lẹ́yìn ikú.

Bí àpá náà ṣe ń wáyé nìyí. Ọpọlọ ń rán iṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀yà ara gẹ́gẹ́ bí Aláàfin ti ń rán ìlàrí sí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́. Fọ́nrán iṣan ni ọ̀nà tí ìlàrí ń tọ̀. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ń jẹ́ myelin ni ó wé mọ́ fọ́nrán náà, bí rọ́bà ti ń wé mọ́ wáyà iná mànàmáná. Nínú àrùn MS, àwọn ọmọ-ogun ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà, ń ṣi ọ̀tá mọ̀. Wọ́n ń kọjú ìjà sí myelin. Ibi tí wọ́n bá ti bó o kúrò, ìlàrí kò lè sáré mọ́. Iṣẹ́ tí a rán an yóò pẹ́ kí ó tó dé, tàbí kí ó má dé rárá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà ojú ni ó bàjẹ́, ojú yóò ṣe bàìbàì tàbí kí ó máa rí ohun kan ní méjì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ yóò kú tàbí kí ó wúwo. Ẹlòmíràn yóò máa rìn bí ẹni tí òòyì ń kọ́, ìtọ̀ yóò máa gbọ̀n ẹlòmíràn lójijì, ọ̀pọ̀ ni àárẹ̀ tí oorun kò lè mú kúrò yóò sì máa mú. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, àwọn àmì wọ̀nyí máa ń dé, wọn a lò tó ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, wọn a sì lọ sílẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n tó tún dé lọ́jọ́ mìíràn.

Ènìyàn tí ó ní àrùn yìí káàkiri ayé lé ní 2,500,000. Láàárín ọdún 20 sí 40 ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, iye àwọn obìnrin tí ó ń mú sì tó ìlọ́po méjì iye àwọn ọkùnrin, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ibòmíràn. Kì í ràn. Ìfọwọ́kàn kò lè kó o, àjọjẹ kò lè kó o, àjọsùn kò sì lè kó o. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ náà tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù 10. Wọ́n rí i pé ewu MS di ìlọ́po 32 lára ẹni tí kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ́ Epstein-Barr bá wọ̀ lára. Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àgbàlagbà ayé ni kòkòrò yìí ti wọ̀ lára, ìwọ̀nba díẹ̀ ni MS sì ń mú. Ohun mìíràn ṣì wà tí ó ń kún un. Ẹni tí ó bá mú kò dẹ́ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀sùn kan ìyá ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Kí ló dé tí dókítà kò lè sọ ọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà? Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí ó lè fi MS hàn bí a ti ń fi ẹ̀jẹ̀ mọ ibà. Ohun méjì ni dókítà sábà máa ń wá: pé àpá wà ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ, àti pé àwọn àpá náà kò wáyé ní àkókò kan ṣoṣo. Àwọn baba wa a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Iṣẹ́ dókítà nínú ọ̀rọ̀ yìí bá òwe náà mu: ó ń wo òní, ó sì ń dúró wo ọ̀la. Ẹ̀rọ MRI, tí ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, ni ó fi ń wá àpá kiri. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1981 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀rọ yìí lè rí àpá MS nínú ọpọlọ alààyè ju bí àwọn ẹ̀rọ ìṣáájú ti lè rí i lọ. Dókítà tún lè fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn láti wo ipa tí ìjà àwọn ọmọ-ogun ara fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2001, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan gbé ìlànà kalẹ̀ fún dídá àrùn náà mọ̀. Orúkọ Ian McDonald, ọ̀kan nínú wọn, ni a fi ń pe ìlànà náà. Wọ́n ti tún un ṣe léraléra láti ìgbà náà, kí ìdáhùn lè máa tètè wá. Nítorí èyí, ẹlòmíràn a máa gba ìdáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lónìí. Àwọn tí àmì wọn kò tíì pé ni wọ́n ń bá "bóyá" gbé.

Ìtàn ẹni méjì yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Ẹni kìíní ni Augustus d'Esté, ọmọ ọmọ George Kẹta ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní ọdún 1794. Ní oṣù kejìlá ọdún 1822, ó lọ síbi ìsìnkú ẹnì kan tí ó fẹ́ràn bí baba ní orí àwọn òkè ilẹ̀ Scotland. Láìpẹ́ sí àkókò náà, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ń ka lẹ́tà rẹ̀ fún un, tí ó sì ń bá a kọ èsì. Ojú náà là padà láìsí pé wọ́n fún un ní oògùn kankan. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó tún dé. Nígbà tí ó wà ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1827, ó ń rí ohun kan ní méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa jẹ ẹran màlúù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n sì fi oríṣiríṣi nǹkan ra ara rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1848, 20 ọdún kí Charcot tó fún àrùn náà ní orúkọ. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1822 ni ó fi wà nínú "bóyá". Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan: ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí àwọn oníṣègùn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ lè sọ pé MS ni ó ṣe é.

Ẹnì kejì ni Jacqueline du Pré, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1945. Ó wà lára àwọn tí ó mọ cello, gòjé ńlá àwọn òyìnbó, lò jù lọ ní ayé. Ní ọdún 1971, ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú. Nígbà tí ó lọ ṣeré ní New York ní oṣù kejì ọdún 1973, kò mọ okùn cello lára mọ́. Ojú ni ó fi ń wo ibi tí ìka rẹ̀ wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni dókítà sọ fún un pé MS ni. Ọmọ ọdún 28 ni. Kò lè ṣeré lójú agbo mọ́, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí ara rẹ̀ fi kọ̀. Ó kú ní ọdún 1987. Àìsàn tirẹ̀ le gan-an, kì í sì í le bẹ́ẹ̀ lára gbogbo ènìyàn. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí oògùn kan tí ó lè dín iye ìgbà tí àrùn náà ń padà wá kù. Ní ọdún 1993 ni wọ́n fọwọ́ sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Lónìí, onírúurú wọn ni ó wà, abẹ́rẹ́ àti èyí tí à ń gbé mì. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mẹ́ta nínú wọn sí ara àwọn oògùn tí ó yẹ kí orílẹ̀-èdè gbogbo ní. Wọn kò tíì lè wo àrùn náà sàn pátápátá, ṣùgbọ́n bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ wọn, wọn a máa dáàbò bo èyí tí kò tíì bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí a sọ "bóyá" fún kò fi gbọdọ̀ sá fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Bákan náà ni kò yẹ kí ó sọ "bóyá" di "bẹ́ẹ̀ ni". Ní ọdún 2008, àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n fi nǹkan bí 20 ọdún ṣe lórí àwọn ènìyàn tí irú àìsàn yìí kọ lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ẹni márùn-ún tí MRI rí àpá nínú ọpọlọ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, bí mẹ́rin ni ó padà ní MS. Nínú ẹni márùn-ún tí ọpọlọ wọn mọ́, bí ẹyọ kan péré ni. Èyí fi hàn pé ojú kan ṣoṣo tí ó ṣe bàìbàì kò tó láti fi dá ẹjọ́ ènìyàn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí mìíràn tún wà tí ó fi yẹ kí á ní sùúrù pẹ̀lú orúkọ náà. Àrùn tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olótùútù ni MS. Láàárín wa ó ṣọ̀wọ́n, bí ó tilẹ̀ ń mú ènìyàn dúdú náà, nílé àti lẹ́yìn odi. Àwọn àrùn mìíràn sì wà tí wọ́n jọ ọ́. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, kọ ìwé ní ọdún 1968 nípa ọ̀kan nínú wọn. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn náà ń kú, wọn kò lè dúró ṣinṣin, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, etí wọn sì ń di. Ó ṣe ìwádìí rẹ̀ dé agbègbè Ẹ̀pẹ́, ó sì tọ́ka sí oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí oró inú rẹ̀ kò tíì kúrò tán, èyí tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹja tàbí ẹran tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àìtó fítámì B12 lè fara jọ ọ́. Kòkòrò HIV náà lè fa irú rẹ̀. Òmíràn ni neuromyelitis optica, tí ó máa ń kọ lu ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ó sì ń mú àwọn ènìyàn dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Láti ọdún 2004 ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó ń fi èyí hàn ti wà. Ó ṣe pàtàkì kí á mọ ìyàtọ̀, nítorí pé àwọn oògùn MS kan lè mú un burú sí i. Dókítà tí ó bá sọ "bóyá", tí ó sì ń wá ìdí ọ̀rọ̀, ń ṣe aláìsàn rẹ̀ lóore ju ẹni tí ó yára dárúkọ lọ.

Kí ni kí olùkọ́bìnrin wa ṣe bí ó ti ń dúró?

Èkínní, kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó sì ṣe bí Augustus d'Esté ti ṣe. Kí ó kọ ọjọ́ tí àmì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó ti mú un, iye ọjọ́ tí ó lò, àti bí ó ṣe lọ. Èyí tí ó bá ju wákàtí 24 lọ ṣe pàtàkì lójú dókítà ju èyí tí ó ta á fún ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ó kọ ọ́ bí ó ti rí, kí ó má ṣe fi kún un, kí ó má sì ṣe yọ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó pa ìwé náà dé. Ẹni tí ó bá ń yẹ ara rẹ̀ wò ní wákàtí wákàtí yóò rí àìsàn níbi tí kò sí.

Èkejì, kí ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lọ rí dókítà, nítorí pé ìbẹ̀rù a máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Kí ni nǹkan mìíràn tí èyí lè jẹ́? Àyẹ̀wò wo ni ó kù? Ìgbà wo ni ìpàdé tí ó kàn? Àmì wo ni kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé? Ojú tí kò ríran mọ́, ẹsẹ̀ tí kò lè gbé ara, tàbí ìtọ̀ tí ó kọ̀ tí kò jáde kò ṣeé fi di ọ̀la.

Ẹ̀kẹta, kí ó mọ ẹni tí yóò sọ fún. Kò pọn dandan kí gbogbo àdúgbò gbọ́, ṣùgbọ́n kò dára kí ó dá ru ẹrù náà. Ẹni kan tí ó lè bá a jókòó níwájú dókítà, tí yóò gbọ́ èyí tí etí tirẹ̀ kò gbọ́, tó láti bẹ̀rẹ̀. Ó sì tọ́ kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbọ́ òtítọ́ náà bí ó ti mọ: pé bóyá ni, pé kì í ràn, pé obìnrin tí ó ní MS lè bímọ, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọmọ àwọn tí ó ní in kì í ní in.

Ẹ̀kẹrin, kí ó tọ́jú ara tí ó ní. Kí ó sùn dáadáa, kí ó máa rìn, kí ó má sì mu sìgá, nítorí pé sìgá a máa mú MS burú sí i. Bí ojú bá tún ṣe bàìbàì nígbà tí oòrùn mú un tàbí lẹ́yìn ìwẹ̀ omi gbígbóná, tí ó sì là nígbà tí ara tutù, kí ó má ṣe rò pé ayé ti bàjẹ́. Wilhelm Uhthoff, oníṣègùn ojú ará Jámánì, ti kọ̀wé nípa èyí láti ọdún 1890. Ooru ni ó ń dí ìlàrí lọ́wọ́ lójú ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò dá àpá tuntun sílẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta ìwòsàn. Wọn yóò gbé àgbo wá, wọn yóò gbé omi wá, wọn yóò sì bú ìbúra. Kí ó rántí pé ojú Augustus d'Esté là láìsí oògùn. Àìsàn tí ó ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa fi ògo fún ohunkóhun tí aláìsàn bá mu lọ́sẹ̀ tí ó ṣáájú. Owó tí ìbá fi ṣe MRI, tí kò kéré ní ilẹ̀ wa, lè tán sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, kí ó máa gbé ayé rẹ̀ lọ. Ìpinnu tí kò ṣeé yí padà, bíi kí ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kí ó tú àdéhùn ìgbéyàwó ká nítorí ìbẹ̀rù nìkan, kí ó dúró ná. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ń kà, ọmọ tí ó ń kọ́, ẹgbẹ́ akọrin tí ó wà, kí ó má ṣe dá wọn dúró. Bí àyẹ̀wò bá sọ níkẹyìn pé kò sí MS, kò ní pàdánù ọdún mẹ́ta lásán. Bí ó bá sì sọ pé òun ni, yóò bá a lórí ìdúró, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tí ó yí i ká, pàápàá àwọn olùkọ́ àgbà àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àárẹ̀ àìsàn yìí kò hàn sójú. Ẹni tí ó wọ aṣọ tí ó mọ́, tí ó rẹ́rìn-ín ní àárọ̀, lè má lè gun àtẹ̀gùn ní ọ̀sán. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó pè é ní ọ̀lẹ, kí ó béèrè. Yàrá ìsàlẹ̀ dípò ti òkè, àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, iṣẹ́ àárọ̀ dípò iṣẹ́ ọ̀sán: owó díẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí yóò ná ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì lè mú kí olùkọ́ rere dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kí àwọn ẹbí náà yé wí fún un pé "kò sí nǹkan kan". Ohun kan wà; orúkọ rẹ̀ ni a kò tíì mọ̀.

Ẹgbẹ́ pàápàá wúlò. Ní ọdún 1945, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sylvia Lawry, fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn The New York Times pé òun ń wá ẹnikẹ́ni tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ MS, nítorí pé àrùn náà ń ṣe arákùnrin òun. Èsì tí ó gbà lé ní 50. Ìwòsàn tí ó ń wá kò sí nínú wọn. Àwọn tí ń wá ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti inú àwọn lẹ́tà náà ni ó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ tí ó ti ná owó púpọ̀ lórí ìwádìí láti ìgbà náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ olùkọ́bìnrin wa. Ó ti ṣe MRI. Wọ́n rí àpá kan tí ó ṣe kedere àti òmíràn tí kò dá wọn lójú. Dókítà ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. "Bóyá" ṣì ni. Ó ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti fún ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ, ọkùnrin náà sì ti ní òun yóò bá a lọ nígbà tí ọjọ́ bá pé. Ìwé kékeré rẹ̀ wà nínú àpótí, ojú ewé mẹ́rin ni ó tíì kọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò mú ṣọ́ọ̀kì, yóò sì kọ ìbéèrè sójú pátákó fún àwọn ọmọ tí ìdánwò wọn kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin òǹwòran, bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá kan ẹnikẹ́ni nílé yín, ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì bá a dúró títí ìdáhùn yóò fi dé. Ó dàárọ̀ o.